Olú àti Fúńgì Inú Òkú Igi

Fúńgì inú òkú igi ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn ẹ̀dá alààyè tí wọ́n ń gbé inú igi tó ti kú, tí wọ́n sì ń fi igi náà ṣe oúnjẹ. Igi ọ̀hún lè jẹ́ ìtì tó wó lulẹ̀ nínú igbó, ẹ̀ka tó gbẹ sórí igi tútù, kùkùté tí agégi fi sílẹ̀, tàbí òpó ilé. Fúńgì kì í ṣe ewéko, wọn kì í sì í ṣe ẹranko. Ìsọ̀rí tiwọn dá dúró láàrin àwọn ohun abẹ̀mí. Olú ni ojú sábà máa ń rí lára wọn, ṣùgbọ́n olú kò ju èso lọ. Ara fúńgì gan-an wà nínú igi. Ó rí bí fọ́nrán òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ó sì lè gba inú ìtì kan já láti ìdí dé òkè kí olú kan ṣoṣo tó yọ lára rẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti igbó kìjikìji Cross River títí dé ọ̀dàn àríwá, àwọn fúńgì yìí pẹ̀lú ikán ni wọ́n ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ sísọ òkú igi di erùpẹ̀.

Igi tí fúńgì kò rí jẹ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ wọn ti tó, kí ó kọ́kọ́ wo igi tí ọwọ́ wọn kò tẹ̀. Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga nítòsí abúlé Dufuna, ní ibi tó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, nígbà tí irin ọwọ́ rẹ̀ kan ohun líle ní nǹkan bí mítà 5 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, tí wọ́n gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo, tí gígùn rẹ̀ sì ju mítà 8 lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí a tíì rí ní Áfíríkà tó dàgbà tó o. Ká ní ojú ilẹ̀ ni wọ́n fi í sí nínú òjò àti oòrùn ni, kì bá tí rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ orí yẹn. Ẹrẹ̀ alámọ̀ tó kún fún omi ló bò ó mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fúńgì tó ń jẹ igi nílò ọ́síjìn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti nílò rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ọ́síjìn, àwọn bakitéríà díẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n lè máa họ igi jẹ, iṣẹ́ tiwọn sì lọ́ra púpọ̀.

Èédú ilẹ̀ Ẹnúgu, tí wọ́n ṣàwárí ní ọdún 1909, ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ pẹ́ ju ti ọkọ̀ Dufuna lọ fíìfíì. Ó wá láti ara igi àti ewé tó bọ́ sínú àbàtà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 ọdún sẹ́yìn. Omi àbàtà sé afẹ́fẹ́ mọ́ wọn, ìjẹrà kò rí wọn jẹ tán, iyanrìn àti amọ̀ sì gorí wọn.

Bí omi bá kéré jù, fúńgì kò lè ṣiṣẹ́ bákan náà. Igi tí omi inú rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tó bá gbẹ tán, kì í jẹrà. Ìdí nìyí tí igi àjà ilé fi lè pẹ́ ju ẹni tó kọ́ ilé lọ, tó sì jẹ́ pé ibi tí páànù ti ń jò ni yóò ti kọ́kọ́ rà.

Ohun tó mú igi le

Ohun mẹ́ta pàtàkì ló kó igi jọ. Sẹlulósì, tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi ṣúgà so pọ̀, ń kó nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú 100. Hemisẹlulósì jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ kúrú. Lígínìn jẹ́ nǹkan bí ìdá 20 sí 30. Ẹni tó bá ti rí ògiri alámọ̀ tí a fi ọ̀pá ṣe egungun rẹ̀ yóò tètè lóye bí wọ́n ṣe wà pọ̀: sẹlulósì ni ọ̀pá, lígínìn ni amọ̀ tó wọ àárín àwọn ọ̀pá náà tó sì gan. Inú ọ̀pá ni oúnjẹ wà, amọ̀ ló sì dí ọ̀nà. Màlúù àti ewúrẹ́ lè da koríko nínú ikùn wọn, ṣùgbọ́n lígínìn ń gba inú wọn kọjá láìyí padà ni.

Àwọn fúńgì kan ní ọgbọ́n fún amọ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n ń fa ìjẹrà funfun máa ń tú ẹ́ńsáìmù sínú igi, èyí tó ń jó lígínìn díẹ̀díẹ̀ láìsí iná. Ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó rí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí, lára fúńgì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phanerochaete chrysosporium. Igi tí irú wọn bá jẹ máa ń funfun, ó máa ń rọ̀ bí kànìnkànìn, ó sì máa ń ya ní fọ́nrán fọ́nrán.

Àwọn mìíràn ń fa ìjẹrà aláwọ̀ ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í fi lígínìn yọ ara wọn lẹ́nu. Wọ́n ń lo irin díẹ̀ tó wà nínú igi pẹ̀lú omi olóró kan tí wọ́n ń pèsè fúnra wọn láti fi fọ́ sẹlulósì, wọ́n á fa ṣúgà rẹ̀ mu, wọ́n á sì fi lígínìn sílẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹran tó fi eegun sílẹ̀. Ohun tó kù máa ń pọ́n, ó máa ń ya sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ìka ọwọ́ sì lè rún un di ìyẹ̀fun. Inú igbó páìnì ti ilẹ̀ olótùútù ni ìjẹrà yìí ti wọ́pọ̀ jù. Nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjẹrà funfun ló gbilẹ̀. Irú kẹta tún wà, ìjẹrà rírọ̀, tó sábà máa ń mú òpó tí ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tútù.

Gbogbo igi kọ́ ni wọ́n ń jẹ bákan náà. Àràbà rọ̀, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀ bó bá ti ṣubú. Ìrókò ní tirẹ̀ ti fi àwọn èròjà ara rẹ̀ ṣe ààbò, ọ̀kan nínú wọn ni chlorophorin, tó jẹ́ májèlé fún fúńgì. Àárín ìtì ìrókò nìkan ni èyí ń dáàbò bò, kò kan igi funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gé apá funfun náà dànù.

Bí wọ́n ṣe ń gba igi mọ́ ara wọn lọ́wọ́

Ó rọrùn láti rò pé fúńgì kì í dé àfi lẹ́yìn ikú igi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ẹ̀ka nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, níwọ̀nba kékeré tí kò pa igi lára, nítorí omi tó kún inú igi alààyè kò jẹ́ kí wọ́n rí afẹ́fẹ́ tó. Bí ẹ̀ka bá ń gbẹ, wọ́n ti wà nílé kí àlejò tó dé. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé àwọn àlejò wá. Olú líle tó máa ń yọ bí pèpéle lára igi, tí à ń pè ní Ganoderma applanatum, lè tú nǹkan bí bílíọ̀nù 30 hóró sílẹ̀ lóòjọ́. Hóró wọ̀nyí kéré ju eruku lọ, díẹ̀ kíún nínú wọn ló sì ń bọ́ síbi tó lè hù.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń tètè dé ni Schizophyllum commune, olú kékeré eléérú tó rí bí abẹ̀bẹ̀, tó máa ń yọ lọ́pọ̀ lára ẹ̀ka gbígbẹ àti igi ọgbà ní gbogbo Nàìjíríà. Ó ń gbé níbi tí oòrùn ti ń pa igi, èyí tí olú mìíràn kò lè fara dà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, abẹ́ rẹ̀ á ká kò, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá kàn án, á ṣí, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú hóró. Buller, onímọ̀ fúńgì, di èyí tó gbẹ sínú gíláàsì láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ohun tó ju 50 ọdún lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n sì bu omi sí i, ó jí. Olú yìí kan náà ní ju 20,000 ẹ̀yà ìbálòpọ̀ lọ, nítorí náà ó ṣòro fún ọ̀kan láti pàdé òmíràn tí kò ní lè bá a so pọ̀. Ó le lẹ́nu bí awọ, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Kóńgò.

Bí igi bá ti kún, ìjà ló kù. Bí wọ́n bá la ìtì tó ti ń rà, ojú lè rí ìlà dúdú wínníwínní tó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ nínú rẹ̀ bí ààlà lórí àwòrán ilẹ̀. Ààlà ni wọ́n ní tòótọ́. Fúńgì kọ̀ọ̀kan ló mọ ọ́n bí odi yí agbègbè tirẹ̀ ká, kódà olú méjì tí wọ́n jẹ́ irú kan náà kì í gbà fún ara wọn bí wọn kò bá jẹ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo. Wọ́n ń fi májèlé ta ara wọn, èyí tó bá lágbára a sì jẹ ara ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú igi tí ọ̀tá náà ti gbà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà igi ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń sanwó gidi fún pákó tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń jà tó bẹ́ẹ̀ ni pé oúnjẹ inú igi kò pé. Kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n náítírójìn, tí gbogbo ẹ̀dá fi ń kọ́ ara, ṣọ̀wọ́n: fún ẹyọ náítírójìn kan, kábọ́ọ̀nù lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Àwọn olú ìdílé Pleurotus wá ọ̀nà àbáyọ tó yani lẹ́nu. Ní 1984, àwọn onímọ̀ méjì, Thorn àti Barron, fi hàn pé fọ́nrán wọn máa ń mú ẹ̀kán omi olóró jáde. Aràn wínníwínní inú igi tó bá fara kàn án á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, fọ́nrán á sì wọ ẹnu rẹ̀ lọ jẹ ẹ́. Olú tí àwọn ènìyàn ń sè bí ẹ̀fọ́ jẹ́ ọdẹ ẹran lábẹ́ èèpo igi.

Nígbà tí igi bá ti rọ̀ tó, àwọn mìíràn á wọlé. Kòkòrò yóò yé ẹyin sí i, àkókó yóò gbẹ́ ihò síbẹ̀ láti pa ọmọ, ekòló àti àkeekèe yóò gba ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ikán àti oko olú wọn

Ní ọ̀dàn, ikán ni ó ń gba púpọ̀ nínú òkú igi kí fúńgì tó ráyè. Ṣùgbọ́n àwọn ikán tó ń mọ òkìtì ọ̀gán ńláńlá, bí àwọn Macrotermes, kò lè dá lígínìn ṣẹ́gun. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n á jẹ igi, wọ́n á kó ìgbẹ́ wọn jọ sínú ilé bí afárá oyin, wọ́n á sì gbin fúńgì Termitomyces sórí rẹ̀. Fúńgì yìí ń ṣiṣẹ́ ìjẹrà funfun lábẹ́ òrùlé, nínú ọ̀rinrin tí àwọn ikán ń ṣọ́ lójoojúmọ́, wọ́n á sì wá jẹ afárá tó ti rọ̀. Àjọṣe yìí bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ọdún sẹ́yìn. Ó dé Éṣíà, ṣùgbọ́n kò dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà rárá. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, fúńgì náà máa ń ti igi gígùn kan láti inú afárá wá sójú ilẹ̀, olú á sì là. Olú ọ̀gán tí àwọn Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá fà á tu pẹ̀lú sùúrù yóò sì rí i pé ìdí rẹ̀ jìn ju bí ó ti rò lọ.

Ohu

Nínú gbogbo fúńgì òkú igi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sí èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ tó Pleurotus tuber-regium. Bó bá ti jẹ igi tó, ó máa ń kó oúnjẹ jọ sí kókó líle kan nínú igi tàbí nínú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kókó náà dúdú, inú rẹ̀ funfun, ó sì lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Kókó yìí ni Yorùbá ń pè ní ohu, tí àwọn Ígbò ń pè ní usu. Olú tó ń hù lára rẹ̀ ni olú awọ. Iṣẹ́ tí ohu ń ṣe fún fúńgì kò yàtọ̀ sí èyí tí iṣu ń ṣe fún ewé rẹ̀: ó ń fi oúnjẹ pamọ́ la ẹ̀ẹ̀rùn já, kí olú lè tètè yọ bí òjò bá dé.

Nílẹ̀ Ígbò, wọ́n máa ń bó èèpo rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀gúsí, wọ́n á sì pò ó ní ìṣù ìṣù sínú ọbẹ̀ bí ẹran. B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ìwádìí tó gbé jáde ní àwọn ọdún 1970 lórí olú láàrin àwọn Yorùbá, ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn oníṣègùn ṣe ń pò ó mọ́ àgúnmu fún orí fífọ́, inú rírun àti ibà. Inú igbó nìkan ni wọ́n ti ń rí i fún ìgbà pípẹ́. Ní 1990, J. A. Okhuoya àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Benin ṣe àtẹ̀jáde bí a ṣe lè mú kí ó ta ohu nínú yàrá ìwádìí.

Lígínìn tí fúńgì yìí ń fọ́ jọ àwọn èròjà kan nínú epo rọ̀bì bí a bá wo bí àwọn átọ̀mù wọn ṣe tò. Èyí mú kí àwọn oníwádìí ní gúúsù Nàìjíríà máa bi ara wọn bóyá ẹ́ńsáìmù kan náà lè jẹ epo tó dà sílẹ̀ oko. Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 2003, Isikhuemhen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Pleurotus tuber-regium sínú ilẹ̀ tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́, ẹ̀wà tí wọ́n gbìn síbẹ̀ lẹ́yìn náà sì hù dáadáa ju ti ilẹ̀ tí wọn kò tọ́jú lọ. Ìdánwò inú ike ni o. Ilẹ̀ Niger Delta tí epo ti wọ̀ jìn nísàlẹ̀, tí omi sì bò, kò fún fúńgì ní afẹ́fẹ́ tó nílò, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọkọ̀ Dufuna ti fi hàn.

Kùkùté tó ń pa rọ́bà

Ààlà tó wà láàrin òkú igi àti igi alààyè kì í fìgbà gbogbo dúró. Rigidoporus microporus ń gbé inú igbó láìpa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣán igbó náà láti gbin rọ́bà, tí wọ́n sì fi kùkùté àti gbòǹgbò sílẹ̀, ó ti rí oúnjẹ tó pọ̀. Láti inú kùkùté ni yóò ti ta okùn funfun gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí gbòǹgbò rọ́bà tó wà nítòsí, láti ara èyí náà sí òmíràn. Nígbà tí ewé bá fi máa pọ́n, tí olú aláwọ̀ ọsàn bá fi máa yọ ní ìdí igi, gbòǹgbò ti rà tán, ìjì kékeré sì tó láti bì í wó. Kòkó náà kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí rọ́bà tó wà ní Iyanomo, nítòsí ìlú Benin, ti fi ọjọ́ pípẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àrùn yìí. Hihú kùkùté ló dára jù, owó rẹ̀ ló pọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ ni gbígbin ewéko olókùn bíi Pueraria láti bo ilẹ̀: ó ń mú kí ọ̀rinrin dúró, àwọn fúńgì mìíràn tí kì í pa igi á wá bá a du kùkùté náà, oúnjẹ á sì tán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé gbòǹgbò tuntun.

Àwọn oníṣòwò pákó mọ fúńgì mìíràn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gé arère lulẹ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lásìkò òjò, àwọ̀ eléérú bíi ti aró á wọ inú rẹ̀. Lasiodiplodia theobromae ló ń fa èyí. Kì í jẹ igi gan-an, ṣúgà àti sítáàṣì tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ló ń wá, agbára pákó kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Iye tí wọ́n á rà á ló ń jábọ́. Kí wọ́n tètè là á kí wọ́n sì tètè sá a ni àtúnṣe rẹ̀. Fúńgì yìí kan náà wà lára àwọn tó ń sọ iṣu di jíjẹrà nínú abà.

Kábọ́ọ̀nù àti igi ìdáná

Bí igi bá ń rà, púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ń padà sínú afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ mímí àwọn fúńgì àti kòkòrò. Ìwádìí káàkiri àgbáyé tó jáde ní 2021 ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 10.9 kábọ́ọ̀nù lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń wá láti ilẹ̀ olóoru. Kábọ́ọ̀nù yìí kì í ṣe àfikún bíi ti epo àti èédú, nítorí igi tó ń hù ń tún un fà padà. Ìyókù ń wọ inú ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn èròjà tí igi tuntun nílò.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, òkú igi kì í pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Igi ìdáná ni wọ́n fi ń ṣe, tàbí kí wọ́n sun ún di èédú tà fún àwọn ará ìlú. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni àwọn obìnrin abúlé sábà máa ń ṣà, kì í sì í pẹ́ kí òmíràn tó bọ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń sun èédú ló ń wá ìtì ńlá, bẹ́ẹ̀ ìtì ńlá ni ọ̀pọ̀ fúńgì gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀ka tín-ín-rín máa ń gbẹ kú láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, fọ́nrán inú rẹ̀ á sì kú tàbí kó sùn. Ìtì tí apá ènìyàn méjì kò ká máa ń di omi òjò mú títí òjò mìíràn fi dé, inú rẹ̀ sì ni fúńgì máa ń sá sí nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí gbogbo ojú igbó bá ti gbẹ.